Ta ló ti dé Aogashima rí nínú yín?

Dámọ́lá, Yokohama: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mo ní ìsinmi ọjọ́ mẹ́rin nínú oṣù kejì, mo fẹ́ fi lọ wo Aogashima, erékùṣù kékeré kan ní Japan níbí. Ṣé ó tó?

Ìyá Tèmi, Saitama: Abẹ́ Tókyò ni wọ́n kà á sí o! Nọ́ńbà Shinagawa, àdúgbò kan ní Tókyò, ló wà lára mọ́tò wọn. Bẹ́ẹ̀, nǹkan bíi 358 kìlómítà ló fi jìn sí Tókyò tí à ń wí yìí, láàárín agbami.

Bọ̀dá Wálé, Chiba: Dámọ́lá, oṣù kejì kọ́, òkun máa ń ru nígbà náà. Hachijojima, erékùṣù mìíràn, lo máa kọ́kọ́ dé. Bàálù láti Haneda, pápákọ̀ òfurufú ní Tókyò, ò tó wákàtí kan. Ọkọ̀ ojú omi láti Takeshiba, èbúté kan ní Tókyò, òru kan gbáko. Níbẹ̀ lo ti máa wọ hẹlikọ́pítà, ogún ìṣẹ́jú, tàbí ọkọ̀ ojú omi, bíi wákàtí mẹ́ta. Èrò mẹ́sàn-án péré ni hẹlikọ́pítà ń gbé, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́. Oṣù kan ṣáájú ni kó o ti gba àyè. Ẹrù tó bá ju kílò márùn-ún lọ, wàá sanwó lé e.

Erékùṣù ọ̀hún dà bí odó tí wọ́n gbé sójú omi. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni gbogbo etí rẹ̀, kò sí iyanrìn, kò sí ibi tí ọkọ̀ lè sá pamọ́ sí. Bí òkun bá ti ru, kò sẹ́ni tó ń gúnlẹ̀. Ọjọ́ méjì ni mo fi jókòó sí Hachijojima tí mò ń ka ìgbì! Òkè kékeré kan, Maruyama, ló wà nínú odó náà, bí iyán tí wọn ò tíì kó. Ẹ̀yìn odó, lápá àríwá, ni àwọn èèyàn ń gbé, wọn ò ju bí 170 lọ.

Ìyá Tèmi: Òkè oníná ni erékùṣù náà, àbí? Ṣé kò ní bú gbàmù?

Bọ̀dá Wálé: Ó bú ní 1785, ó pa èèyàn tó lé ní 130. Àwọn tó kù sá lọ Hachijojima, ó tó bí àádọ́ta ọdún kí wọ́n tó padà. Ooru ṣì ń tú láti inú ilẹ̀, hingya ni wọ́n ń pè é. Wọ́n fi ń se iyọ̀. Ìkòkò ọ̀fẹ́ wà níbẹ̀: kó ẹyin àti ọ̀dùnkún sí i, ooru á sè é jinná. Ra oúnjẹ kó o tó sọ̀kalẹ̀ lọ síbẹ̀ o. Gba yàrá sílẹ̀ kó o tó kúrò nílé, kówó dání, má gbẹ́kẹ̀ lé káàdì.

Dámọ́lá: Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Oṣù karùn-ún ńkọ́? Ṣé mo lè mú ata rodo dání?

Bọ̀dá Wálé: Oṣù karùn-ún sàn. Fi ọjọ́ méjì kún un. Mú ata, ṣùgbọ́n rántí kílò márùn-ún.