Níbo ni wọ́n ti lè yẹ omi wò fún kòkòrò Legionella?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onímọ̀ nípa omi àti ìlera. Èmi ni mò ń bójú tó omi ní ilé àlejò oníyàrá 18 kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Lẹ́yìn Ojúde Ọba tó kọjá, òtútù àyà kọlu àlejò wa kan tó padà sí Ìlú Ọba, àyẹ̀wò ìtọ̀ rẹ̀ sì fi hàn pé kòkòrò Legionella ni, èyí tí ènìyàn ń fà símú nínú omi wínníwínní bíi ti ṣáwà. Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sùn, nítorí pé bí kì í bá ṣe àsìkò Iléyá, ọ̀pọ̀ yàrá wa kì í ní àlejò, omi á sì dúró pẹ́ nínú páìpù.

A ti fi tó òṣìṣẹ́ ìlera létí, a fọ táńkì, a pààrọ̀ ẹnu ṣáwà, a sì gbé omi gbígbóná dé 60°C. Omi tútù ni kò yé mi: ìmọ̀ràn tí mo kà ni pé kí ó wà lábẹ́ 20°C, ṣùgbọ́n táńkì dúdú tó wà lórí òrùlé wa kì í lọ sílẹ̀ ju 28°C lọ, kódà láàárọ̀, ìwọ̀n tí kòkòrò náà sì ti ń pọ̀ sí i nìyẹn. Kòkòrò inú ìgbọ̀nsẹ̀ nìkan ni ilé àyẹ̀wò méjì tí mo gbé omi lọ lè wá.

Níbo ní Ògùn, Èkó tàbí Ìbàdàn ni wọ́n ti ń wá Legionella nínú omi, ìwọ̀n kiloríìnì (oògùn tí a fi ń pa kòkòrò inú omi) wo ni ó sì yẹ kí n máa rí ní ẹnu ẹ̀rọ kí n tó gba àlejò mìíràn?