Ìkérétán, jálẹ̀ tàbí ààlà ìsàlẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n wa láti Ọ̀fà dábàá pé “ààlà ìsàlẹ̀” ni kí a máa pe iye àkókò tí ètò kọ̀ǹpútà kan kò lè ṣàìlò kí iṣẹ́ rẹ̀ tó parí (“lower bound” lédè Gẹ̀ẹ́sì). Àbúrò wa tó ń ṣòwò ní Ìlọrin fèsì pé ọ̀rọ̀ ọjà ti wà nílẹ̀, pé “jálẹ̀” ni ká sọ. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú rẹ̀.

Bí oníbàárà bá bi ìyá aláṣọ ní Ọjà Ọba pé, “Èló ni jálẹ̀?”, iye tí ìyá bá dá ni yóò gbà: bó bá dín náírà kan, kò tà, bó bá pé, ó di. Ibi tí ọjà dúró sí gan-an ni jálẹ̀. Ohun tí à ń wá kò dájú tó bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ tó sọ pé ìrìn Ìlọrin sí Ọ̀fà kò lè dín ní ogún ìṣẹ́jú kò ṣèlérí pé ogún ìṣẹ́jú ni yóò fi dé. Ó lè lo wákàtí kan kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ òótọ́. “Ó kéré tán” ni Yorùbá ń wí fún irú èyí, ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ “ìkérétán”.

Ẹ jẹ́ ká fi í dán iṣẹ́ wò. Ìṣòro ìmúṣẹ (“satisfiability” lédè Gẹ̀ẹ́sì) ni pé, nínú gbólóhùn tí a fi lẹ́tà kọ àdéhùn sí, bíi “A tàbí B, ṣùgbọ́n kì í ṣe méjèèjì”, kí a wá òótọ́ tàbí irọ́ fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan títí gbólóhùn yóò fi ṣẹ. (Àdéhùn ló ń ṣẹ, “ìtẹ́lọ́rùn”, ti ọkàn ènìyàn ni.) Ìlànà tí Davis, Logemann àti Loveland gbé jáde ní 1962 a máa mú lẹ́tà kan, a fún un ní òótọ́, bí ọ̀nà bá sì dí, a padà sẹ́yìn, a fún un ní irọ́. Yíyàn wọ̀nyí ń pẹ̀ka bí igi. Bó bá tọ igi yìí dópin lórí gbólóhùn tí kò lè ṣẹ, ẹ̀rí resolution (èyí tó ń so àdéhùn méjì pọ̀ di ọ̀kan títí yóò fi kan ìtakora) ló ti kọ sílẹ̀ láìmọ̀. Ní 1985, Haken mú gbólóhùn tó ní kí ẹyẹlé mọ́kànlá sùn sí ihò mẹ́wàá, kí méjì má pín ihò kan, ó sì fi hàn pé bí ẹyẹlé àti ihò ti ń pọ̀ sí i, irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ń gùn sí i ní ìlọ́po-ìlọ́po. Bó ti wù kí ọgbọ́n yíyan lẹ́tà jinlẹ̀ tó, ìkérétán yẹn kò yẹ̀.

Lórí gbólóhùn tó lè ṣẹ, ọ̀rọ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹni tó bá ń yan iye tó tọ́ nígbà gbogbo kò ní padà sẹ́yìn rárá, a kò sì lè sọ pé kò sí irú ọgbọ́n yíyàn bẹ́ẹ̀ tó yá láìkọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè P àti NP, ìyẹn bóyá gbogbo ìṣòro tí ìdáhùn rẹ̀ yá láti yẹ̀ wò ló tún yá láti yanjú. Ní 2004, Alekhnovich, Hirsch àti Itsykson dín agbára ètò kù kí wọ́n tó ṣe ẹ̀rí tiwọn: ètò kan kò rí ọ̀ọ́kán, díẹ̀ nínú gbólóhùn ló ń rí, èkejì, tí wọ́n fi ọ̀mùtí pè, ń yan lẹ́tà bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń ju owó sókè kó tó mọ̀ bóyá òótọ́ tàbí irọ́ ni yóò kọ́kọ́ gbìyànjú. N kò ní kọ “ọ̀mùtí” sójú pátákó níwájú àwọn ọmọ ilé kéwú ní Ìlọrin, ṣùgbọ́n ìdí mi kì í ṣe ìtìjú nìkan. Ọtí a máa da gbogbo ìrìn rú, ètò yìí sì lè gbọ́n gan-an nínú yíyan lẹ́tà. “Ajuwóyàn” ni mo dábàá.

Nítorí náà, a lè kọ ọ́ pé: ìkérétán ètò ajuwóyàn lórí àwọn gbólóhùn kan tó lè ṣẹ ń di ìlọ́po-ìlọ́po. Bí ẹ̀gbọ́n bá fẹ́ fi “ààlà ìsàlẹ̀” rọ́pò ìkérétán níbẹ̀, kí wọ́n jọ̀wọ́ sọ fún wa ẹni tó ni oko tó wà nísàlẹ̀ ààlà náà.