Ọ̀pá oníkókó, àti ìdí tí duration ò fi lè jẹ́ "àkókò"

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò o. Mo ti ka gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ẹ dá lábàá fún kámúṣáàfù (camshaft, kámù ní kúkúrú: ọ̀pá inú ẹ́ńjìnnì tó ń ṣí fáàfù, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tí atẹ́gùn ń gbà wọlé tí èéfín sì ń gbà jáde) àti àwọn nǹkan tó bá a rìn, ó sì kàn mí gbọ̀ngbọ̀n torí èmi àti àbúrò mi ń to ẹ́ńjìnnì Chevrolet 454 kan lọ́wọ́ níbí ní Houston, V8 (oní-sìlíńdà mẹ́jọ) lítà 7.4, ó ti lé lọ́sẹ̀ méjì báyìí tí a ti ń fa ọ̀rọ̀ kámù wo la máa rà, Yorùbá la sì fi ń fà á.

"Ọ̀pá ayípo" tí ẹ̀gbọ́n wa kan mú wá fún kámù, ẹ má bínú sà, kò tẹ́ mi lọ́rùn. Kranki, ọ̀pá tí àwọn pístìn ń yí, òun náà ń yípo, kódà ẹ̀ẹ̀mejì ló ń yí kí kámù tó yí ẹ̀ẹ̀kan, èwo wá ni ayípo nínú àwọn méjèèjì? Ẹ gbé kámù lé orí tábìlì, ẹ fi ìka tọ́ ọ láti orí dé ìdí, kókó 16 lẹ máa bá lára ẹ̀, méjì fún sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, ó rí kókó bíi ti ara igi, kókó yẹn ló sì ń ti fáàfù tó fi ń ṣí. Ọ̀pá oníkókó ni. Ẹni tó ní a máa ṣì í mú fún kòkó tí à ń tà tàbí kókò tí à ń jẹ, àmì ohùn ṣáà wà níbẹ̀ jàre.

"Ìṣípòpadà" fún displacement ńkọ́? Ẹni tó kó kúrò ní Mushin lọ sí Ìkòròdú ló ṣípò padà. Ohun tí wọ́n ń kà nínú ẹ́ńjìnnì ni àyè tí gbogbo pístìn (irin tó ń lọ sókè sódò nínú sìlíńdà) ń gbá kọjá láti ìsàlẹ̀ dókè, ẹ jẹ́ ká pè é ní àyè sìlíńdà, mẹkáníìkì á gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Èyí tó ká mi lára jù ni "àkókò ìṣí" fún duration, ìyẹn ìwọ̀n bí fáàfù ṣe ń wà ní ṣíṣí tó. Dígírì yíyí kranki ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n o, kì í ṣe ìṣẹ́jú! Kámù oní-dígírì 230, tí kranki bá ń yí ìgbà 800 ní ìṣẹ́jú kan, fáàfù á wà ní ṣíṣí fún nǹkan bí ìdá 48 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, tó bá di 6,000, kò ní tó ìdá 7, síbẹ̀ 230 náà ni 230. Láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́, ọ̀nà kan náà ni, bóo rìn bóo sáré. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká pè é ní ìrìn-ìṣí: bí kranki ṣe rìn tó kí fáàfù tó padà pa dé.

Lift náà, ìyẹn ìwọ̀n gbígbé sókè, ọ̀rọ̀ méjì ló gbà, ọ̀kan ò tó. Gíga kókó yàtọ̀ sí bí fáàfù ṣe gbéra tó, torí róka (apá irin tó ń gbé títì kókó dé ọ̀dọ̀ fáàfù) wà láàárín wọn: ti 454 ń sọ ọ́ di ìlọ́po 1.7, kókó tó ga ní ínǹsì 0.300 á gbé fáàfù ní 0.510, ṣùgbọ́n lórí Chevrolet 350, ẹ́ńjìnnì tó kéré sí i, tí róka ẹ̀ jẹ́ 1.5, 0.450 péré ni. Àbúrò mi ka ọ̀kan bí èkejì, díẹ̀ ló kù ká ra sípíríǹgì fáàfù tí ò bá a mu.

Ẹ sì yé pe kámù ní "ńlá" lásán. Ìrìn-ìṣí 230 tó máa mú 350 gbọ̀n rìrìrì tí ọkọ̀ bá dúró lójú kan tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́, 454 á gbé e mì nítorí àyè sìlíńdà ẹ̀ pọ̀. Ohun tó ń fa gbígbọ̀n yẹn gan-an ni overlap, ìgbà tí fáàfù tó ń gba atẹ́gùn wọlé àti èyí tó ń lé èéfín jáde jọ ṣí sílẹ̀, mo fara mọ́ "àṣípọ̀" tí àǹtí wa dá lábàá, ó dáa ju "ìkọjá-ara" lọ fíìfíì. Tí àṣípọ̀ bá ti pọ̀ jù, ẹ́ńjìnnì ò ní fa atẹ́gùn dáadáa mọ́ tó bá ń yí díẹ̀díẹ̀, bíréèkì tó gbójú lé fífà yẹn á wá le gbagidi lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, torí ẹ̀ lèmi ò ṣe fẹ́ gbà fún àbúrò mi.

Èyí tó kù tí mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ fún ni igun tó wà láàárín ṣóńṣó kókó méjèèjì ti sìlíńdà kan, ti fáàfù ìgbàwọlé àti ti ìléjáde, 108 àbí 112, tó bá ti ń dín kù ni àṣípọ̀ ń pọ̀ sí i. "Igun àárín kókó" ni mò ń pè é, ó gùn lẹ́nu. Ta ló ní èyí tó kúrú?