Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe kòńgẹ́ ìkookò rí, ẹ wá rojọ́

Àbẹ̀kẹ́ Denver
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, wọ́n ní ká dìbò níbí ní Colorado, bóyá kí ìjọba dá ìkookò padà sínú igbó àbí kí wọ́n má dá a padà. Mo dìbò bẹ́ẹ̀ ni. Ta ni ò fẹ́ràn ẹranko? Ọ̀rọ̀ náà wọlé, àmọ́ díẹ̀ báyìí ló fi kọjá: àwọn tó fara mọ́ ọn ò pé 51 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwa ará ìlú ńlá la gbé e wọlé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 wọ́n kó mẹ́wàá wá láti Oregon, wọ́n sì tú wọn sílẹ̀ ní òdì kejì òkè, níbi tí èmi ò gbé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti bàbá ọlọ́sìn màlúù kan jókòó ti ara wa nínú bọ́ọ̀sì. Nígbà tó gbọ́ pé mo wà lára àwọn tó dìbò bẹ́ẹ̀ ni, kò bú mi. Ó kàn bi mí pé ṣé mo ti gbọ́ igbe màlúù tí wọ́n ń jẹ láàyè rí. Ẹnu mi wọhò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá ìkookò pàdé, ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe rí?

Ọmọ Ọlọ́jà
Mi ò rí i rí. Mi ò sì fẹ́ rí i. Ẹ kú iṣẹ́ o.

Ṣèyí Bozeman
Èmi ti rí i, ó sì wù mí. Mo wà ní Montana, a sì máa ń wakọ̀ lọ sí Lamar Valley nínú Yellowstone, ọgbà ẹranko ńlá ti ìjọba, kí ilẹ̀ tó mọ́. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ti eré, irun imú èèyàn á dì gbagidi. Àwọn èèyàn á ti to awò awọ̀nàjíjìn wọn sẹ́bàá títì, ẹnikẹ́ni ò ní sọ̀rọ̀ sókè. Ìyá àgbà kan tí mi ò mọ̀ rí ló yá mi ní tiẹ̀. Mo rí márùn-ún tí wọ́n ń tò tẹ̀ lé ara wọn lórí yìnyín, ẹni ẹ̀yìn ń tẹ ojú ẹsẹ̀ ẹni iwájú gẹ́lẹ́. Ọdún 1926 ni wọ́n pa ti ìkẹyìn nínú ọgbà yẹn. Ní 1995 àti 1996 wọ́n kó 31 wá láti Kánádà. Láti ìgbà náà ni igbó ti sọjí, igi padà hù létí odò, àní odò gan-an yí ọ̀nà rẹ̀ padà.

Dókítà Ẹran
Ẹ̀gbọ́n Ṣèyí, ẹ fi ti odò yẹn sílẹ̀ ná. Ìtàn yẹn dùn létí ju bó ṣe rí lọ, àwọn onímọ̀ ṣì ń bá ara wọn jà lé e lórí. Òótọ́ ni pé àwọn àgbọ̀nrín ńlá tí wọ́n ń pè ní elk dín kù. Ṣùgbọ́n béárì náà ń jẹ ọmọ wọn, àwọn ọdẹ ń yìnbọn fún wọn tí wọ́n bá ti jáde kúrò nínú ọgbà, ẹfọ̀n sì wà níbẹ̀ tó ń jẹ igi tirẹ̀. Ẹ má kó gbogbo ẹ̀ fún ìkookò nìkan.

Ṣèyí Bozeman
Ó dáa, mo yọ odò kúrò. Ẹ jẹ́ n mú igi.

Délé Alágùntàn
Ẹ̀gbọ́n Ṣèyí, ẹ má bínú o, inú awò awọ̀nàjíjìn lẹ ti rí i. Ẹ jẹ́ n sọ tèmi.

Ọdún 2019 ni. Mo ń ṣiṣẹ́ lóko àgùntàn kan ní Lausitz, ìlà-oòrùn Jámánì, ìtòsí ẹnubodè Poland. Apá ibẹ̀ ni ìkookò ti kọ́kọ́ padà wọ Jámánì. Ẹnì kankan ò kó wọn wá bíi ti Colorado, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi rìn wá láti Poland, wọ́n sì bímọ síbẹ̀ lọ́dún 2000.

Iṣẹ́ mi nírọ̀lẹ́ ni kí n yẹ àwọ̀n oníná tó yí agbo ká wò. Ẹ̀rọ pẹ́ńpẹ́ kan wà tí a fi ń wo bí iná inú rẹ̀ ṣe lágbára tó. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, koríko sì ti ga débi pé ó ń kan okùn ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ yìí rí á mọ̀ pé koríko tútù ló máa ń fa iná yẹn wọlẹ̀. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tí ẹ̀rọ gbé jáde ò dáa rárá. Ó ti rẹ̀ mí. Mo ní n óò gé koríko náà láàárọ̀. Mo lọ sùn.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀ láàárọ̀, kò sí èyí tó ké, bẹ́ẹ̀ wọ́n mọ ìró bàtà mi, wọ́n máa ń pariwo tí mo bá ń bọ̀. Àwọn tó yè ti há ara wọn mọ́ igun kan, wọ́n ń gbọ̀n. Mọ́kànlá ló wà nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn, ojú eyín mélòó kan lọ́fun, ẹ̀jẹ̀ ò tiẹ̀ pọ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n jẹ, wọ́n gba ikùn wọlé. Ọ̀kan ṣì ń mí. Ó ti kó sínú àwọ̀n, irun rẹ̀ lọ́ mọ́ ọn, ó ń wò mí. Mo jókòó tì í títí dókítà fi dé gún un lábẹ́rẹ́.

Àwọn tí ìjọba rán wá fi òwú nu itọ́ lójú ọgbẹ́, wọ́n kó o lọ fún àyẹ̀wò DNA. Ìkookò ni lóòótọ́. Wọn ò san owó gbà-máà-bínú fún ọ̀gá, wọ́n ní àwọ̀n ò ní iná tó péye lóru ọjọ́ náà. Títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, mi ò tíì sọ fún ọ̀gá pé mo ti rí i nírọ̀lẹ́.

Ìyá Ìbejì
Yéè! Ọmọ mi, o ò sọ fún un?

Kò-kàn-mí
Kí ni ìkookò wá ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí? Délé ló pa mọ́kànlá 😂

Ìyá Ìbejì
Kò-kàn-mí, ẹnu ẹ mú jù. Ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìyẹ.

Délé Alágùntàn
Màmá, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́. Ohun tí èmi náà ń sọ fún ara mi nìyẹn.

Bàbá Ọdẹ
Ibì kan wà tí mi ò gbà nínú ìtàn yìí. Ó pa mọ́kànlá, ó jẹ ẹyọ kan. Ọmọ ọdẹ ni mí, ẹran igbó kì í pa ohun tí kò ní jẹ. Ajá ẹnìkan ni.

Dókítà Ẹran
Ẹ̀yin bàbá, mo gbà fún yín nípa ẹran tó wà nígbó. Bí ìkookò bá mú ọ̀kan nínú àgbọ̀nrín, àwọn yòókù ti fẹsẹ̀ fẹ ẹ, ìjà parí. Àgùntàn inú ọgbà ò ríbi sá sí, yíyí ni yóò máa yí po níwájú ẹ̀, ohun tó bá sì ń sá níwájú ẹ̀ ló ń pè é níjà. Bí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ṣe ń ṣe nínú ilé adìyẹ náà nìyẹn. Ajá náà ń ṣe é, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń gba itọ́ lọ yẹ̀ wò kí wọ́n tó dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Bàbá Ọdẹ
Mo gbọ́. Ó tún ku ọ̀kan. Ta ló sọ fún yín pé ìkookò ni ẹran yìí ń jẹ́?

Kò-kàn-mí
Wọ́n tún ti dé.

Bàbá Ọdẹ
Rárá, ẹ dáhùn. Ìkookò tí àwọn bàbá wa mọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ rẹlẹ̀ ju iwájú lọ, egungun ló ń fọ́ jẹ, tó bá ké lóru, bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín ni. Hyena nìyẹn! Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì ló bọ́ orúkọ lọ́rùn rẹ̀ tí wọ́n fi kọ́ wolf lọ́rùn, gbogbo wa sì ń bá wọn pè é bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì
Kí wọ́n wá pè é ní kí ni, sà?

Bàbá Ọdẹ
Ajáko. Ajá tó ń gbé igbó, tí kò mọ olówó.

Ọmọ Ọlọ́jà
Ajáko kọ́ ni jackal ni?

Dókítà Ẹran
Ẹ ò ní gbà á gbọ́, bàbá lè jàre. Irú jackal tó wà káàkiri àríwá Áfíríkà títí dé ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, àyẹ̀wò DNA fi hàn lọ́dún 2015 pé kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ti Éṣíà, ìkookò ló bá tan jù. African golden wolf ni wọ́n ń pè é báyìí.

Bàbá Ọdẹ
😎

Kò-kàn-mí
Ẹ ti bà á jẹ́. A ò ní gbádùn mọ́.

Àkànní Ọkọ̀ Ńlá
Ẹ jẹ́ ká kúrò lórí orúkọ. Èmi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, oṣù Kejì ọdún 2021 bá mi ní àríwá Wisconsin. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ìkookò kúrò lábẹ́ òfin ààbò ìjọba àpapọ̀ ni, wọ́n bá fàyè gba ọdẹ rẹ̀. 119 ni wọ́n yọ̀ǹda fún àwọn ọdẹ tó gba ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ò pé, wọ́n ti pa 218. Yìnyín wà nílẹ̀, ojú ẹsẹ̀ hàn kedere, wọ́n sì ń fi ajá lé e. Mo yà ra epo, ọkọ̀ kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òkú ìkookò kan wà lẹ́yìn ẹ̀. Mo sún mọ́ ọn. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé ẹsẹ̀ rẹ̀, ó kún un. Ajá tó lé e pa wà nínú àgò lókè orí rẹ̀, ó ń wá ẹni tí yóò fọwọ́ pa á lórí. Ẹni tó pa á dùn mọ́ èèyàn gan-an, ó ní ajá òun méjì ni ìkookò ti pa. Mi ò mọ ẹni tí mo máa káàánú.

Àwọn Ojibwe tó ni ilẹ̀ yẹn látilẹ̀wá, 81 ni ìpín tiwọn. Wọ́n ní àwọn ò pa ẹyọ kan, ẹ̀gbọ́n àwọn ni.

Ṣèyí Bozeman
Ọdún tó tẹ̀ lé e ni adájọ́ kan dá òfin ààbò yẹn padà. Ṣùgbọ́n kò kan tiwa ní Montana, a ti ń pa tiwa lábẹ́ òfin láti 2011.

Tọ́pẹ́ Kẹ̀kẹ́
Èmi ni kí ẹ gbọ́. Netherlands ni mo wà, mo ń fi kẹ̀kẹ́ gbé oúnjẹ kiri. Mo gba ọ̀nà inú igbó ní Veluwe lálẹ́, ìkookò kan tọ̀ mí lẹ́yìn tó ìṣẹ́jú márùn-ún! Mo wẹ̀yìn, ojú ẹ̀ ń tàn yanran. Mo ju oúnjẹ oníbàárà sílẹ̀ fún un.

Kò-kàn-mí
Ṣé ó bù ọ́ ní ìràwọ̀ márùn-ún?

Bàbá Ọdẹ
Ìrù ẹ̀ ńkọ́? Ó ká a sókè ni àbí ó jẹ́ kó wọlẹ̀?

Tọ́pẹ́ Kẹ̀kẹ́
Bàbá, ta ló ń wo ìrù lákòókò yẹn?

Délé Alágùntàn
Ó gbó àbí kò gbó?

Tọ́pẹ́ Kẹ̀kẹ́
Ó gbó díẹ̀.

Bàbá Ọdẹ
Ajá ni.

Dókítà Ẹran
😂 Ajá kan tiẹ̀ wà tí wọ́n ń pè ní Saarloos, àwọn ará Netherlands gan-an ló sin ín jáde lára ìkookò, bíi pé ìyá kan náà ló bí wọn. Ìkookò kì í sábà gbó. Ṣùgbọ́n má fi ti àwọn wọ̀nyí ṣe, àwọn ojúlówó wà ní Veluwe. O ò gbọ́dọ̀ ju oúnjẹ fún un mọ́ láéláé. Èyí tó bá ti mọ̀ pé oúnjẹ wà lọ́wọ́ èèyàn ni kì í bẹ̀rù èèyàn mọ́, òun ni wọ́n sì máa ń yìnbọn pa nígbẹ̀yìn.

Ọmọ Ọlọ́jà
Ṣé ó máa ń pa èèyàn ṣáá?

Dókítà Ẹran
Ó ṣọ̀wọ́n gan-an ni. Ní Kánádà àti Amẹ́ríkà pọ̀, láti 2000, méjì ni mo mọ̀: ọ̀kan ní Saskatchewan lọ́dún 2005, ọ̀kan ní Alaska lọ́dún 2010. Nígbà tí àrùn dìgbòlugi bá wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn.

Ọmọ Ọlọ́jà
Méjì ti pọ̀ jù fún èmi.

Kò-kàn-mí
Ní Yúróòpù, ẹṣin kan ṣoṣo ló dá ẹjọ́. Ìkookò pa Dolly, ẹṣin Ursula von der Leyen, olórí àjọ aláṣẹ EU (ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù), lọ́dún 2022. Nígbà tó fi di oṣù Kejìlá 2024, wọ́n ti dìbò ní Àdéhùn Bern, àdéhùn tó ń dáàbò bo ẹranko igbó ní Yúróòpù, pé kí wọ́n dín ààbò ìkookò kù. Ẹ ò rí i pé ẹran olóyè yàtọ̀ sí ẹran tálákà?

Délé Alágùntàn
Má da ọ̀rọ̀ rú. Àwa alágùntàn ti ń pariwo kí ẹṣin yẹn tó kú. Ìkookò tó wà ní gbogbo EU ti lé ní 20,000. Mi ò ní kí wọ́n pa wọ́n run o. Èyí tó bá ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fo àwọ̀n, kí wọ́n mú un kúrò. Ọ̀tọ̀ ni ìyẹn.

Ṣèyí Bozeman
Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó kọ́ ọ? Ẹ máa pa ìyá, ẹ máa pa bàbá, àwọn ọmọ tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń dọdẹ nínú igbó á wá kọjú sí àgùntàn yín.

Délé Alágùntàn
Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn náà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń jí lóru?

Ìyá Ìbejì
Ẹ ra ajá ńlá tó ń ṣọ́ agbo. Àbí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, mo gbọ́ pé ó máa ń ta ìkookò nípàá.

Délé Alágùntàn
Màmá, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tiwa ló kọ́kọ́ sá. Ajá dáa, àmọ́ ẹnu ẹ̀ ò gbófo, àwọn tó ń rìn gbafẹ́ kọjá ní àwọn ò lè sún mọ́ ọgbà mọ́.

Àbẹ̀kẹ́ Denver
Bọ̀dá Délé, ìwọ gan-an, o ti fojú rí i rí? Tàbí òkú tó fi sílẹ̀ nìkan lo rí?

Délé Alágùntàn
Ẹ̀ẹ̀kan péré, nígbà òtútù ọdún yẹn náà. Mo ti máa ń gé koríko kó tó ga nígbà yẹn, àní kí wọ́n tó rán mi. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán. Ó ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀n, òun nìkan, ó tínrín ju bí mo ṣe rò ó lọ. Ó na imú sí okùn, kò kàn án, bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n rí. Ó yà sínú igbó. Mo gbé ẹ̀rọ mi jáde, mo yẹ̀ ẹ́ wò: ó lé ní 5,000 vóòtù. Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n.

Ìyá Ìbejì
Ọ̀gá ẹ ńkọ́?

Délé Alágùntàn
Ó ti ta agbo náà, mà. Ó ti dàgbà. Nọ́ńbà rẹ̀ ṣì wà lórí fóònù mi.

Kò-kàn-mí
Pè é.

Ìyá Ìbejì
Ó sọ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan yìí. Pè é, ọmọ mi.

Bàbá Ọdẹ
Ajáko ni kí ẹ máa pè é.