Kókó inú spleen tí kì í ṣe jẹjẹrẹ: ta ló ti rí irú ẹ̀ rí?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará, ẹni tó bá ti rí irú ẹ̀ kó bá mi dá sí i. Ọ̀rọ̀ kíndìnrín ló gbé mi dé ìdí skáànù o, ẹni tó ń ṣe é ṣáà ń yí nǹkan ọwọ́ ẹ̀ káàkiri ìhà òsì mi, jẹ́lì tútù lára mi, ó kúrò, ó tún padà síbẹ̀, ó wọ̀n ọ́n, mo ní kí ló dé, ó ní dókítà yín á ṣàlàyé. Àyà mi já! Kókó kan ló wà nínú spleen mi, ìyẹn ẹ̀yà ara kan níhà òsì lábẹ́ egungun ìhà tó ń bá ara gbógun ti kòkòrò àrùn, sẹ̀ǹtímítà 2 ó lé díẹ̀. Èmi tí mi ò mọ ibi tí spleen wà tẹ́lẹ̀. Dókítà ní ó jọ hemangioma, ìyẹn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ta jọ sójú kan, ká máa ṣọ́ ọ. Mo ní kí wọ́n gé bíńtín níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò kọ́kàn mi lè balẹ̀, ó ní rárá, ló bá pe ẹlòmíì wọlé.

* * *

Pẹ̀lẹ́ àbúrò. Ẹ̀jẹ̀ ló kún inú spleen, tí abẹ́rẹ́ bá gún un ó lè má tètè dá, ìdí tí wọ́n fi ń sá fún un nìyẹn. Tèmi tó sẹ̀ǹtímítà 7, tí mo bá jẹun díẹ̀ báyìí inú mi ti yó. Ìgbà tí wọ́n yọ spleen mi tán ni wọ́n tó mọ orúkọ kókó náà, SANT, irú kókó iṣan ẹ̀jẹ̀ kan tí kì í ṣe jẹjẹrẹ, ọdún 2004 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Mo rí fọ́tò ẹ̀, kókó pupa róbótó-róbótó, funfun ya láàárín wọn bíi sípóòkù kẹ̀kẹ́.

* * *

Ọkọ mi ni tiẹ̀. Kì í ṣe ẹyọ kan, ńṣe ló kún inú spleen wìtìwìtì, platelet ẹ̀, ìyẹn ohun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá, já wálẹ̀, tó bá ṣèèṣì fara gbá ilẹ̀kùn ojú ibẹ̀ á dúdú. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n ní littoral cell angioma ni, ìyẹn kókó tó ń hù látinú ihò ẹ̀jẹ̀ inú spleen, pé ó máa ń bá jẹjẹrẹ ibòmíì rìn nígbà míì, ni wọ́n bá fi kámẹ́rà wo ìfun ẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan, a dúpẹ́. Gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ti gbà kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ o. Oṣù 7 lẹ́yìn ẹ̀, aago 11 alẹ́, ara ẹ̀ gbóná, 38.6, mo ní ṣebí ibà lásán ni, kó lo paracetamol kó sùn. Kò pẹ́ ni eyín ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ara wọn, bẹ́ẹ̀dì ń mì. A sáré gbé e lọ. Dókítà bá mi wí gidi, ó ní ẹni tí ò ní spleen, ara gbígbóná kì í ṣe ohun à ń fi di ọ̀la, pé láàárín wákàtí mélòó kan kòkòrò ti lè gba inú ẹ̀jẹ̀ kan. Látìgbà náà antibiotics ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa.

* * *

Hamartoma, ìyẹn ẹran ara spleen fúnra ẹ̀ tó kàn hù jọ ṣe kókó, ni wọ́n fura sí nínú tèmi, ọdún 9 rèé, kò tóbi sí i. Mo ti fẹ́ẹ̀ gbàgbé ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí Google pa yín jàre.

* * *

Ẹ ṣé gan-an. Màámi, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ̀gbọ́n tó ní SANT, ìbéèrè kan: ṣé ẹ ti padà sídìí bọ́ọ̀lù? Torí wọ́n ní kí n sinmi ẹ̀ ná, pé tẹ́nì kan bá figúnpá gún mi níhà òsì, spleen lè ya.

* * *

Mo ti padà tipẹ́. Kí ló tún kù níbẹ̀ tó fẹ́ ya?