Ọmú tí wọ́n bá mi ṣe ti le, ó ń dùn mí. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Tóbi, Kàbà: Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi, òkun o. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ẹ mọ̀ pé jẹjẹrẹ ló jẹ́ kí wọ́n gé ọmú òsì mi, Ábújá ni wọ́n sì ti fi sílíkónì, àpò rírọ̀ tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ, rọ́pò rẹ̀. Owó ilẹ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi ló bá a lọ. Ní báyìí ó ti le gbagidi, ó fà sókè, èyí tó jẹ́ tèmi gan-an wà nísàlẹ̀. Télọ̀ ní kí n mú fóòmù wá kí òun fi dí ẹ̀gbẹ́ kan búláòsì àjọ̀dún ìjọ. Àbúrò ọkọ mi obìnrin wá ń sọ lójú èèyàn pé ẹni tí Ọlọ́run dá ẹ̀mí ẹ̀ sí, kí ló tún ń wá ọmú kiri. Mo sunkún títí. Mo pe dókítà, kò gbé e. Ṣé kí n yọ ọ́ ni àbí kí n pààrọ̀ ẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Ìsánlú: Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Yọ ọ́ kúrò, jàre. Pẹlẹbẹ ni wọ́n rán tèmi, mo ń lọ oko, mo ń lọ ọjà. Ọkọ mi ò sọ nǹkan kan. Lọ́dún yẹn gan-an la kọ́lé.

Sìsí Lọ́kọ́ja: Ìyá Ìbejì, ti yín lẹ̀ ń sọ. Gbogbo èèyàn kọ́ ló fẹ́ pẹlẹbẹ. Àpá tí ara fi ń yí sílíkónì ká ló fún mọ́ ọn. Wọ́n gé àpá tèmi kúrò, wọ́n fi tuntun sí i.

Ìyá Ìbejì, Ìsánlú: Tí ìyẹn náà bá le ńkọ́? Ilẹ̀ wo ló kù tó máa tà?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ jẹ́ ká béèrè ná. Ìyá Tóbi, ṣé wọ́n fi iná rediéṣọ̀n, ìtànṣán tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ, sí i? Ṣé ibà wà? Káàdì tí wọ́n kọ irú sílíkónì náà sí ńkọ́, ṣé alára dídán ni àbí alára hẹrẹhẹrẹ?

Ìyá Tóbi, Kàbà: Dídán ni wọ́n kọ síbẹ̀. Wọ́n fi iná sí i lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Mi ò ṣe é fún ṣekárími o, mo kàn fẹ́ wọ aṣọ mi kí ó gún ni.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Kò sẹ́ni tó lè bá ọ wí fún ìyẹn. Ó dáa pé dídán ni: ní 2019, ilé-iṣẹ́ Allergan tó ń ṣe sílíkónì kó alára hẹrẹhẹrẹ tiwọn kúrò lọ́jà nítorí jẹjẹrẹ kan tó ń yọ nínú àpá tó yí i ká. Ṣùgbọ́n iná yẹn ló ṣe pàtàkì. Ó máa ń jẹ́ kí àpá fún, kì í sì í jẹ́ kí awọ tètè jinná. Bí wọ́n bá fi sílíkónì tuntun nìkan sí i, ó lè tún le. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fa ẹran àti awọ ẹ̀yìn wá síwájú, gba abẹ́ abíyá, láìgé iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Wọ́n tún lè lo awọ àti ọ̀rá ìsàlẹ̀ ikùn, àmọ́ ìyẹn lè gba kí wọ́n máa so iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín pọ̀ lábẹ́ maikirosíkópù fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Béèrè ní ilé ìwòsàn ńlá UCH Ìbàdàn tàbí UITH Ìlọrin èwo ni wọ́n ń ṣe.

Màmá Kọ́yà: Ẹ fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́ bíi ti abiyamọ, yóò rọ̀.

Ìyá Tóbi, Kàbà: Ìyá ọkọ mi ti ń fi táwẹ̀lì gbígbóná tẹ̀ ẹ́ láràárọ̀. Ẹ má bá ìyá wí o, àwọn nìkan ló dúró tì mí nínú ilé yìí. Kì í tiẹ̀ ta mí. Awọ ìsàlẹ̀ ẹ̀ ló kàn bó, ó ń ṣomi, mo wá ń rí nǹkan funfun kan tó ń dán níbẹ̀ nínú dígí. Òtútù sì mú mi lánàá.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ìyá Tóbi, sílíkónì lò ń rí yẹn! Táwẹ̀lì gbígbóná yẹn ló lè ti jó ọ; kò ta ọ́ nítorí awọ ọmú tí wọ́n bá gé kì í sábà mọ ooru mọ́. Lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Lọ́kọ́ja lónìí, má dúró de dókítà Ábújá. Bò ó pẹ̀lú aṣọ ìdi-egbò tó mọ́ láti kẹ́mísì. Má fi òrí sí i, má tì í wọlé, má ra kápúsù mì fúnra ẹ. Bí kòkòrò bá ti wọ ibẹ̀, wọ́n sábà máa ń yọ ọ́, wọ́n á fọ ibẹ̀, wọ́n á pa á dé, oṣù mélòó kan á sì kọjá kí ọ̀rọ̀ ẹran ẹ̀yìn tó wáyé. Nígbà mìíràn wọ́n lè fọ̀ ọ́ kí wọ́n fi tuntun sí i lẹ́sẹ̀ kan náà, ṣùgbọ́n awọ tí iná rediéṣọ̀n ti kàn kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà á.

Ìyá Tóbi, Kàbà: Ṣé wọn ò ní yọ ọ́ láìbi mí?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ìwọ lo máa fọwọ́ síwèé. Sọ fún wọn pé o ṣì fẹ́ ọmú lọ́jọ́ iwájú, kí wọ́n dá awọ sí bó bá ṣeé ṣe. Mú káàdì yẹn àti ìwé iná rediéṣọ̀n dání.

Sìsí Lọ́kọ́ja: Àǹtí, ẹ pè mí tẹ́ ẹ bá ti kọjá Ọbàjànà, màá dúró dè yín ní géètì.

Ìyá Tóbi, Kàbà: Ọlọ́kọ̀ ti dé. Ìyá ọkọ mi ń tẹ̀lé mi.