Eruwà ilé wa tí mo bá pàdé ní Darwin: ẹ wá sọ ohun tójú yín ti rí nínú ọ̀dàn

Ọmọ Ọdẹ, Darwin:

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, gbogbo ilé. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń ka ìtàn ẹran ìgbẹ́ tí ẹ̀ ń kọ síbí, èyí tẹ́ ẹ rí àtèyí tẹ́ ò rí mọ́, mo ní ó yá kí n sọ tèmi náà. Ó gùn díẹ̀ o, ẹ bá mi ní sùúrù.

Òkè-Ògùn ni wọ́n ti bí mi, ọdẹ ni bàbá mi, àtikékeré ni mo ti ń gbé àpò tẹ̀lé wọn. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló gbé mi dé Darwin ní àríwá Ọsirélíà, mo ti lo ọdún mẹ́fà níbẹ̀. Ọ̀dàn wọn jọ tiwa gan-an, igi tó jìnnà síra, koríko lábẹ́ ẹ̀, òjò ní apá kan ọdún, ẹ̀ẹ̀rùn ní apá kejì, àmọ́ ìgbà tí òjò bá ń mú nílé ni ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn ń bẹ̀rẹ̀.

Lóṣù karùn-ún ọdún kejì tí mo débẹ̀, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ gbé mọ́tò, ó di Kakadu, ọgbà ẹranko ńlá ìjọba kan lọ́hùn-ún. A ò tíì jìnnà sí Darwin tí mo fi rí koríko kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ga ju mọ́tò lọ. Mo ní kó dúró, mo sọ̀ kalẹ̀, mo fọwọ́ kàn án, ẹ̀yin èèyàn mi, eruwà ni! Eruwà tí wọ́n fi ń bo ilé lọ́dọ̀ wa. Ọ̀rẹ́ mi ní gamba lorúkọ ẹ̀, mo ní há, gamba náà kúkú ni àwọn Hausa ń pè é. Inú mi dùn bí ẹni tó rí ará ilé lójú àjò, àfi bí mo ṣe rí i pé ojú tiẹ̀ fà ro. Ó ní koríko yẹn ń ba ìgbẹ́ àwọn jẹ́. Wọ́n kó o wá láti Áfíríkà kí màlúù lè rí nǹkan jẹ, ó wá ya wọ inú ìgbẹ́, ó lè ga tó mítà mẹ́rin, tíná bá sì ràn mọ́ ọn, agbára iná yẹn lè tó ìlọ́po mẹ́jọ ti iná koríko ibẹ̀, á jó igi kan orí. Láti 2008 ni òfin ti kà á sí èpò tí èèyàn ò gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ kó máa tàn kálẹ̀. Ó dùn mí, torí nílé wa koríko ire ni.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ìtàn mi gan-an. A sùn sí àgọ́ ní Kakadu, mo wá mú tọ́ọ̀ṣì, mo ní jẹ́ ká rìn yí ká, kí n fi bí bàbá mi ṣe ń fojú mọ ẹran lóru hàn án. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá ọdẹ lọ rí mọ̀ ọ́n, o ò ní rí ara ẹran, ojú ẹ̀ lo máa rí tó ń tàn padà sí ẹ. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, a lè má rìn jìnnà kójú mélòó kan tó tàn, ti ẹtà, ti ọ̀yà, ti òkété. Ní Kakadu a rìn láti aago mẹ́jọ títí aago mọ́kànlá fi lù, ọ̀pọ̀lọ́ ńláńlá la ń rí nílẹ̀ ṣáá, ìgbà tójú kan wá tàn, mo rọra sún mọ́ ọn, ológbò ni. Ológbò lásán, bíi ti inú ilé, nínú ọgbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20,000 kìlómítà níbùú lóòró. Mi ò lè sùn mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá kan tó ń ṣiṣẹ́ rénjà, ẹ̀ṣọ́ ọgbà, níbẹ̀, ọmọ Bininj, àwọn tó ni ilẹ̀ yẹn láti ayébáyé, jókòó tì wá, mo sọ fún wọn pé mi ò rí nǹkan kan. Wọ́n ní ohun tí àwọn náà ń rí nìyẹn. Ìgbà tí mo délé ni mo wá ka ohun táwọn onímọ̀ kọ: ibi 136 ni wọ́n ń dẹ pàkúté sí nínú Kakadu, láàárín 2001 sí 2009 oríṣi ẹran tí wọ́n ń rí níbi kọ̀ọ̀kan fi ìdá 54 nínú 100 dín, iye ẹran fúnra ẹ̀ fi ìdá 71 dín. Ibi tí wọn ò ti rí ẹyọ kan jẹ́ 13 nínú 100 lọ́dún 1996, nígbà tó fi máa di 2009 ó ti di 55. Ọgbà ìjọba mà nìyẹn o, tí wọ́n ń ṣọ́! Àwọn ẹran kéékèèké náà ló ń lọ, irú àwọn tí a lè pè ní ẹmọ́ àti òkété tiwọn. Kangarú ńlá ṣì ń fò káàkiri, ẹni tó bá gba títì kọjá lọ́sàn-án ò lè mọ̀ pé nǹkan kan ṣe ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀pọ̀lọ́ yẹn. 1935 ni wọ́n kó o wọ Queensland, ìpínlẹ̀ kan ní ìlà oòrùn Ọsirélíà, kó lè máa jẹ kòkòrò inú oko ìrèké, kòkòrò ò tán, ọ̀pọ̀lọ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó dé Kakadu ní 2001. Májèlé wà lára ẹ̀. Ẹran kan wà tí wọ́n ń pè ní quoll, ó tó ọmọ ológbò, àmì funfun tò sí i lára, gbogbo ohun tó bá ń mira ló ń bù jẹ. Ó bu ọ̀pọ̀lọ́ jẹ, ó kú. Akọ ẹ̀ tiẹ̀ burú jù, bí ọdún kan péré ló ń lò láyé, tí àsìkò gígùn bá ti parí ló ń kú, tí àwọn ọmọ ọdún kan bá ṣòfò, kò sí bàbá fún ọdún tó ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀pọ̀lọ́ ló ń pa ẹmọ́ run. Rénjà yẹn ní iná àti ológbò ló dara pọ̀. Ẹ rántí pé nílé, tí pápá bá ń jó, àwòdì á ti máa rà bàbà lókè, ó ń dúró de eku tó máa sá jáde. Ológbò ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà, kódà ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Kimberley, àgbègbè kan ní ìwọ̀ oòrùn àríwá Ọsirélíà, wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ àwọn ológbò ìgbẹ́ lọ́rùn, òmíràn rìn tó kìlómítà 12.5 kúrò ní àgbègbè ẹ̀ lọ síbi tí iná ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ jó, kó lè ṣọdẹ níbẹ̀. Wọ́n tún so kámẹ́rà mọ́ ọn: níbi tí ilẹ̀ ṣófo, ó ń pa ẹran ní ìgbà 70 nínú 100 tó bá gbìyànjú, níbi tí koríko dí tàbí àpáta pọ̀, 17 péré. Iná fúnra ẹ̀ lè má pa ẹmọ́, aṣọ ara ẹ̀ ló bọ́. Tí màlúù bá tún jẹ koríko ibẹ̀ mọ́lẹ̀, bákan náà ni. Wọ́n lé màlúù kúrò níbì kan ní Mornington, ní Kimberley yẹn náà, láàárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin àwọn ẹran kéékèèké ti ń pọ̀ padà.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mo rí bí wọ́n ṣe ń dáná sun ìgbẹ́, omi sì bọ́ lójú mi. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ni, koríko ò tíì gbẹ tán, wọ́n ń tan án síbí, wọ́n ń tan án sọ́hùn-ún, iná náà ń rìn jẹ́jẹ́, tó bá di òru ìrì á pa á. Ibi kan jó, ibi kejì ò jó. Bàbá mi gẹ́lẹ́! Wọn kì í jẹ́ kéèyàn sun ìgbẹ́ lẹ́yìn ọyẹ́, wọ́n ní ìgbà yẹn iná ò ní àánú. Ìgbà tí wọ́n kó àwọn onílẹ̀ lọ sí ìlú àti ọgbà míṣọ́nnárì ni kò sẹ́ni tó ń sun ún kéékèèké mọ́, iná ńlá ìparí ẹ̀ẹ̀rùn wá gbà á. Láti 2006 ni wọ́n ti ń sanwó fáwọn rénjà ní ìwọ̀ oòrùn Arnhem Land, ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kakadu, láti padà sí ti àtijọ́, torí kí èéfín tó ń mú ayé gbóná lè dín kù lójú ọ̀run. Mo fara mọ́ ọn o, àmọ́ èéfín lowó yẹn ń kà, kò ka ẹmọ́. Ẹmọ́ nílò ibi tí iná ò dé fún ọdún mélòó kan, kì í ṣe kó kàn jó ní kùtù lọ́dọọdún.

Ọmọ Ṣakí:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa. Oko bàbá àgbà mi ò jìnnà sí ọgbà Ọ̀yọ́-Ilé. Lóṣù kejì ọdún mélòó kan sẹ́yìn àwọn kan dáná sí pápá láti lé ọ̀yà jáde, afẹ́fẹ́ gbé e, ó jó fún ọjọ́ méjì. Mo rìn nínú eérú yẹn, ihò òkété ló kún ilẹ̀, kò sí òkété. Nílé kì í ṣe ológbò, àwa fúnra wa la dúró létí iná pẹ̀lú ajá àti kùmọ̀, màlúù sì tẹ̀lé e tí koríko tuntun yọ. Látọjọ́ náà, iwájú Kérésì la máa ń jó ààlà oko wa, a kì í jó gbogbo ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, quoll yẹn ńkọ́, ṣé ó tán ni?

Ọmọ Ọdẹ, Darwin:

Kò tán. Ní 2003 wọ́n kó 64 lọ sí erékùṣù méjì tí ọ̀pọ̀lọ́ ò sí, Astell àti Pobassoo, wọ́n bí di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ìgbà tí wọ́n kó díẹ̀ padà sí Kakadu ní 2016, wọ́n ti gbàgbé ẹ̀rù, ajá ìgbẹ́ pa wọ́n jẹ. Wọ́n tún ń fi ẹran ọ̀pọ̀lọ́ tí oògùn èébì wà nínú ẹ̀ kọ́ wọn, kó lè rí wọn lára, èyí ń ṣiṣẹ́ díẹ̀.

Mo rí ọ̀kan lọ́dún tó kọjá. Ọsibítù mi rán mi lọ ṣe ọ̀sẹ̀ méjì ní Groote Eylandt, erékùṣù tí ọ̀pọ̀lọ́ ò tíì dé, wọ́n ń yẹ ẹrù inú ọkọ̀ ojú omi wò kó má bàa wọlé. Lóru ọjọ́ kẹrin mo gbọ́ kìrìkìrì lẹ́yìn ilé, mo tan tọ́ọ̀ṣì, ojú méjì tàn padà sí mi, àmì funfun wà lára ẹ̀. Mo pa iná kíá, mo dúró nínú òkùnkùn, mò ń gbọ́ bó ṣe ń jẹun.